Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ fẹ́ máa ṣe mentalism (eré bíi pé èèyàn mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíì) l'Abẹ́òkúta, ohun témi kọ́ rèé

Ẹ̀ ń bi mí ìdí tí nǹkan tó dùn nídìí tábìlì lọ́jọ́ ìgbéyàwó fi kú pátápátá nígbà tẹ́ ẹ gbé e dé Pansẹ́kẹ́. Ní títì, ẹni tẹ́ ẹ ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nìkan kọ́ lẹ̀ ń ṣeré fún, àwọn tó dúró yí i ká gan-an ni. Bí ìyá kan bá ro orúkọ ẹnì kan sínú tẹ́ ẹ sì dárúkọ náà, òun nìkan ló máa pariwo, àwọn tó kù á ní "ẹ ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni". Torí náà ẹ kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí wọn, kí màmá kọ ọ́ sórí pépà, kí wọ́n fi han èèyàn mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n tó ká a, ìgbà yẹn ni gbogbo wọn á jọ máa wo ẹnu yín. Màákà tó nípọn ni kẹ́ ẹ sì fi kọ ìdáhùn, kì í ṣe bírò, kí ọlọ́kadà tó dúró lódìkejì náà lè kà á.

Láfẹ́nwá lọ́jọ́ ọjà, ta ló fẹ́ gbọ́ "ẹ fọkàn sí i, ẹ mí kanlẹ̀"? Ẹ jẹ́ kó yá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé téèyàn bá ní kí wọ́n mú nọ́mbà láàárín 1 sí 10, 7 lọ̀pọ̀ máa ń mú, ìyẹn dáa nídìí tábìlì torí tó bá tàsé ẹ ráyè fọ̀rọ̀ yí i, ní títì wọ́n á ti tú ká. Àwọn tó wà lẹ́yìn yín náà lójú o, wọ́n ń rí bẹ́ ẹ ṣe ń yọjú wo pépà.

Ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó n'Íbarà, ẹ kí àgbà dáadáa, ẹ jókòó, ẹ má dúró lé wọn lórí. Kí oúnjẹ tó dé ni kẹ́ ẹ lọ bá wọn, ọwọ́ tó wà nínú àmàlà ò lè di bírò mú.

Ìdí tábìlì yìí gan-an ló léwu jù, torí ẹ ráyè sọ̀rọ̀. Ní 1948, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá l'Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ní ìwé nípa ìwà oníkálùkù, ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ fún gbogbo wọn, síbẹ̀ nígbà tó ní kí wọ́n fún un ní máàkì lórí bó ṣe bá ìwà wọn mu tó, ìpíndọ́gba ẹ̀ jẹ́ 4.26 nínú 5. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tiwa níbí ni "ẹnì kan wà nílé yín tínú ẹ̀ ò dùn sí ìlọsíwájú yín". Kò sẹ́ni tí kò ní gbà á, á sì délé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ láé. Àìsàn, ọmọ bíbí, ikú, ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ọ̀rẹ́ ilé ìwé, ìlú tó wù wọ́n láti lọ, oúnjẹ tí ìyá wọn máa ń sè, ìyẹn ti tó.

Wọ́n máa béèrè nọ́mbà Baba Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ yín, àwọn míì á fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ bá wọn wo ọkọ wọn. Èmi máa ń dáhùn sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́, kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: eré ni mò ń ṣe, mo kọ́ ọ ni, mi ò ríran.