Lẹ́yìn "bẹ́ẹ̀ ni" ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa CAPS-5

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé CAPS-5 (ìwé ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ ìlera ń lò láti fi dá PTSD mọ̀, àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú) lọ́wọ́ máa ń rò pé tí òun bá ti ka ìbéèrè tán fún aláìsàn, tí òun sì kọ "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" sílẹ̀, a ti mọ̀ bóyá PTSD ni. "Bẹ́ẹ̀ ni" kò ní máàkì kankan. Ẹ̀ẹ̀melòó? Báwo ló ṣe le tó? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló fà á lóòótọ́? Ìdáhùn wọ̀nyí ni máàkì, láti 0 dé 4 fún àmì kọ̀ọ̀kan, ń tinú wọn jáde, òun ló sì ń jẹ́ kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà gba ìṣẹ́jú 45 sí 60.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ dì mú. Lágbègbè wa ní Kogi, ẹnì kan lè ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, kí tírélà sì tún ti gbá ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀bàjànà. Ẹ bi í léèrè èyí tó ń dà á láàmú jù báyìí, kí ẹ kọ ọ́ sókè ìwé, kí ẹ sì máa fi orúkọ kan náà pè é títí dé ìparí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, ewu ikú, ìpalára tó le tàbí ìfipábánilòpọ̀. Ẹni tó kàn wo fídíò ìjínigbé àwọn ẹlòmíì lórí WhatsApp kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀rù bà á tó. Ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé wà níbẹ̀. Ẹ má tú gbogbo ìtàn náà sílẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta, mẹ́rin ti tó.

Ẹ ṣọ́ra fún "oṣù tó kọjá". Létí wa, tí òní bá jẹ́ ogúnjọ́ oṣù Kẹfà, oṣù Karùn-ún nìyẹn. Ohun tí ìwé náà ń béèrè ni ọgbọ̀n ọjọ́ tó parí sí òní. Ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lákòókò yẹn, ìsìnkú tàbí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ so ó mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká fi àlá ṣe àpẹẹrẹ.

"Màmá, láti ọjọ́ ìkórè títí di òní, ǹjẹ́ ẹ lálàá kankan tó jẹ mọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá yín lọ́nà?"

"A dúpẹ́. Ọlọ́run ń bẹ."

Ìyẹn kì í ṣe "rárá". Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún un béèrè: alẹ́ wo lẹ lá èyí tó kẹ́yìn? Kí lẹ rí? Nígbà tí ẹ ta jí, ó tó ìgbà wo kí oorun tó padà? Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, máàkì 2 ni, kódà tí kò sùn mọ́ títí àkùkọ fi kọ. 3 ń fẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kí oorun tó sọnù sì ju wákàtí kan lọ; méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò kọjá 1, a kì í sì ka 1 mọ́ àmì àìsàn. Tó bá ní àwọn ọ̀tá ló ń lé òun lójú oorun, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe rí. Ọkùnrin oníbọn nínú igbó yàtọ̀ sí egúngún tó ti ń lé e láti kékeré.

Ẹ yọ "àbí" kúrò nídìí ìbéèrè yín. "Ẹ kì í sùn dáadáa, àbí?" Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa dá yín lóhùn, pàápàá tí ẹ bá wọ aṣọ funfun.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni ìsáfún àti ìwò-ọ̀tún-wò-òsì. Ẹni tó kọ̀ láti gba ọ̀nà Kabba sí Lọ́kọ́jà lálẹ́ kò ṣàìsàn; ọgbọ́n ni, gbogbo wa là ń ṣe é. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣe níbi tí ewu kò sí: ṣé ó ń jókòó kọ ojú sílẹ̀kùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé ó ń yẹ ìlẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó sùn?

"Àyà mi ń já", "orí mi ń gbóná", "nǹkan ń rìn lára mi": ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ní Owé tàbí Yàgbà, ẹ̀ka èdè tiwa, kí ẹ tó wá ibi tó bọ́ sí. Tó bá jẹ́ ìgbà tó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀ ni àyà ń já, nítorí pé ọ̀kadà làwọn ajínigbé gbé wá, ó ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé. Tó bá ń já tọ̀sán-tòru láìsí ohun tó rán an létí, ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Àpapọ̀ máàkì lè dé 80, ṣùgbọ́n àpapọ̀ kọ́ ló ń pinnu. Nínú àmì tó bá gba 2 sókè, ẹ wá ọ̀kan nínú ìrántí tó ń padà wá fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú ìsáfún, méjì nínú èrò àti ìmọ̀lára tó yí padà, méjì nínú ara tí kò balẹ̀. Kó ti ju oṣù kan lọ, kó sì máa dà á láàmú gidigidi tàbí kó ti ba ayé tàbí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó gba 40 tí kò sá fún ohunkóhun kò bọ́ sínú PTSD, bó tilẹ̀ nílò ìtọ́jú.

Ọkọ, ẹ̀gbọ́n àti pásítọ̀ ní láti jókòó síta. Ìwé náà kò béèrè nípa èrò ìpara-ẹni. Ẹ fi ẹnu ara yín béèrè rẹ̀. Tí ẹ bá parí, ẹ má jẹ́ kó dìde lọ gun ọ̀kadà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún un lómi, kí ẹ béèrè ohun tó fẹ́ sè lálẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní gbọ̀n mọ́.