"Wọn kì í dààmú ẹnikẹ́ni"

Òjò dí wa mọ́ ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà lónìí, wọ́n sì tún sún ìpàdé tí ẹbí àti olùtọ́jú fẹ́ ṣe lórí ìtọ́jú síwájú. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ọ̀rọ̀ tí olùtọ́jú kan sọ fún ọmọ tó wá kí ìyá rẹ̀: "Màmá yín dáa gan-an, wọn kì í dààmú ẹnikẹ́ni." Ọmọ dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ìyìn ni. Kò sí ìkà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kì í dààmú ẹnikẹ́ni? Ṣé aago ìpè ló tún wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ọwọ́ ò tó? Ṣé omi ni ò tó lára? Òùngbẹ lè má gbẹ àgbàlagbà rárá. Ẹnu gbígbẹ, ìtọ̀ tó pọ́n àti oorun ọ̀sán tí ò nídìí ló máa ń tú àṣírí. Àbí oògùn ni?

Ti oògùn yìí ló ń bí mi nínú. Wọ́n á fún arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń rá ní oògùn tí wọ́n fi ń wo wèrè (antipsychotic), kí ilé lè pa rọ́rọ́. Láti 2005 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń mú ewu ikú pọ̀ sí i fún wọn. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ọjọ́ tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má dá a dúró lójijì o, dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bóyá mo ti le jù. Àwọn olùtọ́jú yẹn ń sáré láti yàrá dé yàrá, wọn ò sì pọ̀ tó. Ẹni tó bá pariwo ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀...

Ìyẹn gan-an ni. Ẹni tó dákẹ́ ni egbò ìdùbúlẹ̀, èyí tí pípẹ́ lójú kan ń fà, ń mú. Lára dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn: ẹ fọwọ́ kan ìdí àti gìgísẹ̀, bóyá ibì kan gbóná, le, tàbí dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ìrọ̀rí lábẹ́ ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹ kọ ọjọ́, aago, ohun tí ẹ rí àti ẹni tí ẹ sọ fún.

Tí ìpàdé bá wá wáyé, kí ìyá fúnra wọn jókòó síbẹ̀. Kí a bi wọ́n léèrè aago tí wọ́n fẹ́ jí, ẹni tí wọ́n fẹ́ kó máa wẹ̀ wọ́n, ibi tó ń dùn wọ́n, kí a tó kọjú sí ọmọ. Kí nọ́ọ̀sì sì mú ìwé oògùn dání.