Ibi tí ọkọ̀ oníná bá ń sùn

Láti ìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ń lo iná mànàmáná, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi mí, yálà ní ilé ìjọsìn ni tàbí níbi òde ìnáwó: ṣé ó ṣeé gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn, àbí ọkọ̀ ọjà àti ti ibi iṣẹ́ lásán ni? Mo ti dá ẹnìkọ̀ọ̀kan lóhùn títí ó fi sú mi, n óò kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò ní parọ́ pé nítorí afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni mo ṣe rà á. Ọkọ̀ oní-dísù ọdún 2012 ni mo ń wà ní Thamesmead, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, nígbà tí ìjọba ìlú náà fẹ ààlà ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú ti ń sanwó kí ó tó rìn, dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ tí mo bá ti gbé ọkọ̀ jáde, pọ́n-ùn 12.50 ti lọ nìyẹn, kí n tó ra epo rárá. Mo ta á, mo sì fi owó rẹ̀ kún owó ọwọ́ mi láti ra Nissan Leaf àlòkù ti ọdún 2018. (Ẹnìkan pè é ní tòkunbọ̀. Òkun wo ni ó kọjá?) Bátìrì rẹ̀ ń gba yúnítì iná 40. Yúnítì tí mo ń wí yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń rà sínú mítà nílé: iná tí áyọ́ọ̀nù oní-wáàtì 1,000 yóò jẹ ní wákàtí kan gbáko ni yúnítì kan.

Ní ti ìrìn ojoojúmọ́, n kò rí ohun tí a ó jiyàn lé lórí. Àlọ àti àbọ̀ ibi iṣẹ́ mi ní Croydon jẹ́ máìlì 35. Bí mo bá dé ní alẹ́, n óò ṣí ìdérí kékeré tí ó wà ní imú ọkọ̀, n óò ki orí wáyà bọ̀ ọ́, n óò sì wọlé lọ jẹun. Àpótí cháájà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé mi kì í tan iná sí i títí di ọ̀gànjọ́, nítorí pé iná òru ni mo ń rà, pẹ́ńsì 8 ni wọ́n sì ń ta yúnítì kan fún mi ní àkókò náà. Yúnítì 10 tó mi lọ, ó tó mi bọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pẹ́ńsì 80 lójúmọ́. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, níbi tí ọkọ̀ elépo ti ń jó owó olówó nídùúró, tèmi kì í jẹ ju iná rédíò lọ, àfi tí òtútù bá mú mi tan ẹ̀rọ amóoru. Bí mo bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ oníná tí ó ń yí táyà náà ni yóò fa ọkọ̀ sẹ́yìn tí yóò sì dá díẹ̀ nínú iná náà padà sínú bátìrì, nítorí náà bíréèkì kì í tètè gbó.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé mo ní ilé, mo ní ògiri, mo sì ní àyè níwájú ògiri náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé òkè kẹta ní Peckham ra irú ọkọ̀ yìí ní oṣù méjì lẹ́yìn mi, nítorí pé ó rí i bí mo ṣe ń yọ̀. Ojú pópó ni ọkọ̀ tirẹ̀ ń sùn, kò sì sí wáyà tí yóò gùn láti òkè kẹta. Iná ìta ni ó ń rà, ní ìlọ́po iye tí mò ń san lọ́nà mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ìjọba sì ń gba owó orí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé ìdá 5 péré ni wọ́n ń gba lórí iná inú ilé. Kò tó ọdún kan tí ó fi tà á. Ọkọ̀ kan náà, ìlú kan náà. Ibi tí ọkọ̀ ń sùn ni ó yàtọ̀.

Ó wá ku ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, a ń lọ sọ ọmọ lórúkọ ní Manchester, máìlì bíi 220 sí ilé mi. Màámi tí ó wá kí wa láti Ìbàdàn jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú kúlà ìrẹsì kan, ìyàwó mi sì jókòó síwájú. Agogo mẹ́fà ìdájí ni a gbéra. Agogo mọ́kànlá ni ìsọmọlórúkọ.

Máìlì 168 ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà sọ pé yóò rìn kí iná tó tán. Ibi ìdánwò nìyẹn. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, bí ènìyàn bá ń sá máìlì 70 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń fi àyà tì ń jẹ iná gan-an. Òtútù tún ń mú kí bátìrì lọ́ra. Ẹ̀rọ amóoru ni ó burú jù, nítorí pé ooru tí ẹ́ńjìnnì elépo ń dà nù ni ó fi ń mú inú ọkọ̀ móoru lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n inú bátìrì kan náà tí ó ń gbé wa lọ ni tiwa ti ń jẹun. Mo mọ̀ pé bí mo bá rí máìlì 100, kí n dúpẹ́.

Ní ilé ìsinmi ojú ọ̀nà àkọ́kọ́, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù nínú bátìrì. Cháájà tò lọ bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹnu CCS tí Yúróòpù fọwọ́ sí ni gbogbo wọn ní. Ẹyọ kan péré ni ó ní ẹnu CHAdeMO tí Leaf mi ń lò, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan sì ti so mọ́ ọn. A dúró ní ìṣẹ́jú 35 kí ó tó kúrò. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú 50 mìíràn kí ó tó di ìdá 80, mo sì dáwọ́ dúró níbẹ̀, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ, ńṣe ni ó dà bí ẹni ń rọ omi sínú ìgò tí ó ti fẹ́ kún. Pẹ́ńsì 79 ni yúnítì kan. Mo san pọ́n-ùn 20 àti díẹ̀ fún iná tí yóò gbé wa lọ máìlì 70, nígbà tí epo bẹntiróòlù tí ọkọ̀ bíi tirẹ̀ yóò fi rin ọ̀nà yẹn kò tó pọ́n-ùn 10.

Ní ibi kejì, ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Òfin ti de àwọn tí ó ní cháájà ayára láti oṣù Kọkànlá ọdún náà pé kí ẹ̀rọ wọn máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Mo ti bọ́ sínú ìdá kan yòókù. Mo pa ẹ̀rọ amóoru, mo dín eré kù, a sì ń rá pálá lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá kan lọ sí ilé ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e. Màámi fi aṣọ méjì bo ara wọn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé kúlà ìrẹsì nítorí ooru rẹ̀.

“Àkànní,” ni wọ́n wí, “ṣé NEPA ni a ń wá kiri báyìí? Ní Ìbàdàn, inú ilé ni à ń jókòó sí retí iná. Ẹ̀yin ń lé e kiri ojú títì.”

N kò rí èsì fọ̀. Agogo méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni a dé. Ọmọ ti jẹ́ orúkọ mẹ́fà kí a tó dé ibẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní torí tèmi sọ pé ọkọ̀ oníná kò ṣeé gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní Nọ́wè, tí òtútù rẹ̀ ju tiwa lọ, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà ní ọdún 2024 ni ó jẹ́ oníná pátápátá. Nissan fúnra wọn ti fi ẹnu CCS sí Ariya tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù. Hyundai Ioniq 5 lè lọ láti ìdá 10 dé ìdá 80 ní ìṣẹ́jú 18 bí ó bá bá cháájà tí agbára rẹ̀ tó pàdé, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó àkókò tí Màámi fi ń lọ ilé ìtura tí wọ́n fi ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀, tí ọkọ̀ náà sì ń sùn ní ojúlé rẹ̀, kò ní ìṣòro tí ó tó nǹkan láti London dé Manchester, àfi owó.

Àbúrò mi ọkùnrin gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu Màámi, ó sì pè mí láti Ìbàdàn. Ó ti rí Leaf tòkunbọ̀ kan, ó sì fẹ́ máa fi lọ Èkó. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 127. Bátìrì tí ara rẹ̀ ṣì le yóò gbé e dé ibẹ̀. Ìpadàbọ̀ ni mo bi í. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán kò lè fún ọkọ̀ náà ju yúnítì méjì àti díẹ̀ lọ ní wákàtí kan, bí ó bá sì fẹ́ kún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojúmọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ìdílé tí ó wà ní Band A ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ooru tún wà ńbẹ̀: kò sí omi tí ó ń tu bátìrì irú Leaf àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lára, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ra àwọn àkọ́kọ́ ní Arizona sì ti ń rí i láti ọdún 2012 bí agbára bátìrì wọn ṣe ń yọ̀ lọ. Mo ní kí ó ka ilà kéékèèké tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí ó ń fi bí ara bátìrì ṣe le tó hàn, méjìlá ni ó yẹ kí ó jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ wà ní tuntun.

Ó pè mí padà ní ìrọ̀lẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kà á. Méje ni.”