Páṣíà dà nínú máàpù?

Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ mi ń ka Ìwé Ẹ́sítérì sókè nítorí ìdíje Bíbélì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dé "ìgbèríko mẹ́tàdínláàádóje", ahọ́n rẹ̀ kọ́. Mo ní 127 ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé máàpù ilé ìwé rẹ̀ yọ.

"Mọ́mì, Páṣíà dà?"

Ó ti fi ìka wá a láti Tọ́kì dé Íńdíà, kò rí i. Mo na ìka sí Ìránì. "Òun nìyí."

"Ìgbà wo ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní 1935, mo bá gbé e mì. Lóòótọ́, ọdún yẹn ni Reza Shah, ọba ibẹ̀ nígbà náà, ní kí àwọn ìjọba ilẹ̀ òkèèrè yéé pe ìlú òun ní Páṣíà, kí wọ́n máa pè é ní Ìránì. Àmọ́ ìwé àwọn àjèjì ló yí padà, àwọn onílé ò yí nǹkan kan. Nígbà tí akéwì wọn, Ferdowsi, parí Shahnameh, ìwé ewì rẹ̀ nípa àwọn ọba, ní nǹkan bí ọdún 1010, Ìránì ló ń kéwì fún. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 260, Ọba Shapur Kìíní ti ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ní èdè mẹ́ta pé òun ni olúwa Eranshahr, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Arya, orúkọ ìran wọn tí Ìránì ti jáde.

Èyí tó wù mí jù ni ọ̀rọ̀ tí Ọba Dáríúsì ayé àtijọ́ ní kí wọ́n gbẹ́ sára ibojì rẹ̀ tó wà nínú àpáta ní Naqsh-e Rostam. Ó ní ará Parsa ni òun, ọmọ ará Parsa. Ó tún ní Arya ni òun, ìran Arya. Bí ẹni tó ní, "Ìjẹ̀bú ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú, Yorùbá sì ni mí." Agbègbè kan péré ní gúúsù ni Parsa, àmọ́ ibẹ̀ ni ọba ti wá, ni àwọn Gíríìkì bá fi orúkọ ibẹ̀ pe gbogbo ilẹ̀ náà. (Àwa náà ńkọ́? Ọ̀yọ́ ni àwọn Haúsá kọ́kọ́ ń pè ní Yorùbá, kí orúkọ ọ̀hún tó ràn dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú.)

Nígbà tí àwọn Lárúbáwá dé, èdè wọn ò ní "p", Pars bá di Fars. Ibẹ̀ náà ni èdè àwọn ará Ìránì ti gba orúkọ tó ń jẹ́ Farsi.

Mo sún ìka sí Shiraz, mo ní, "Agbègbè Fars nìyí. Páṣíà gan-an rèé."

"Ṣé ibẹ̀ ni Ẹ́sítérì gbé?"

Rárá o. Ṣúṣánì ló gbé, ibẹ̀ sì wà lápá ìwọ̀ oòrùn, kò jìnnà sí ààlà Ìráàkì. Ọmọ náà wo ìka mi bó ṣe ń sún kúrò ní Fars.

"Mọ́mì, ẹ ti tún gbé e kúrò ní Páṣíà!"