Ọdún 2025: Eékún Fúnkẹ́ ló gba gbogbo rẹ̀

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ nǹkan kan láti oṣù kẹta. Eékún ọ̀tún Fúnkẹ́, ọmọ ìyá mi, ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kábà mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń tẹ ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, pàápàá lóru. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní làkúrègbé ni. Làkúrègbé, ọmọ ọdún 29! Ìyá fi òrí ra á títí, ó ń wú sí i ni. A gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Títí ayé ni n ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ eékún náà lẹ́ẹ̀kan, ó yọwọ́. "Eegun tó kán ni mo ń tò. Eléyìí ò kán. Ẹ lọ yàwòrán rẹ̀."

Ní Ìlọrin, dókítà gbé fíìmù náà sójú iná. Orí eegun ojúgun, níbi tó ti wọnú eékún, ti rí bí afárá oyin. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó dárúkọ ẹ̀: giant cell tumour, kókó kan tó máa ń hù nínú eegun. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń jẹ eegun run. Àwọn tó wà láàárín ọdún 20 sí 40 ló máa ń mú jù, àgbègbè eékún ló sì sábà máa ń bá jà. Wọ́n yàwòrán àyà rẹ̀ náà, torí ó lè dé ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ mọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n wá ha inú eegun náà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì eegun dí ihò rẹ̀. Bí sìmẹ́ǹtì yẹn bá ń gan, ó máa ń gbóná, ooru rẹ̀ a máa pa lára kókó tó bá ṣẹ́ kù.

Owó kajú Bàbá la fi san iṣẹ́ abẹ. Bàbá ò dúró rí i kó padà jókòó ti ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Mọ̀pà wá sìnkú pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù ọ̀nà yẹn, ẹ ṣeun. Mi ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ní Fúnkẹ́ ló kọ́kọ́ ra sìmẹ́ǹtì nínú àwa ọmọ òun, kí àwa tó kù múra.

Ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kókó yẹn máa ń padà wá jù, nítorí náà mi ò ní sọ pé ó ti tán. A óò tún lọ yàwòrán ní oṣù kejì. Fúnkẹ́ ti gba aṣọ ọdún díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tẹ ẹ̀rọ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé aṣọ ìyàwó wá bá a.