Yanrìn tó ń sá fún ariwo

Ohùn mi ti há. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí wọ́n ti ṣí ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa ni mo ti ń sọ ohun kan náà, mo sì ti fi bí ìdajì ọjọ́ sọ ọ́ lódì kí n tó mọ̀.

Tábìlì ìró ni wọ́n fún èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta. Ohun èlò wa ò tó nǹkan. A gbé sípíkà kékeré sínú abọ́ fífẹ̀, a na ọ̀rá dúdú bo ẹnu abọ́ náà títí ó fi le bí awọ ìlù, a fi rọ́bà dì í, a wá wọ́n iyọ̀ sí i lórí. Fóònù ló ń rán ohùn kan gbọọrọ sí sípíkà.

Iyọ̀ kọ̀, kò jó. Ó ti gbomi mọ́jú, ó ṣù pọ̀ sójú kan. Àwọn àlejò àkọ́kọ́ wo abọ́, wọ́n ní a kú iṣẹ́, wọ́n kọjá lọ. (Kú iṣẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.) Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló sáré lọ bu yanrìn gbígbẹ nínú kòtò tí wọ́n ń fò sí ní pápá, ó sẹ́ ẹ, ó gbé e dé.

Ní 150 Hertz, ìyẹn ni pé ọ̀rá ń gbọ̀n nígbà 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yanrìn kàn ń ta kiri ni. A rọra ń gbé ohùn sókè. Àfi bí yanrìn ṣe yà lójijì bí ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún, tó sì fi òrùka roboto kan lélẹ̀. Èrò bá bò wá.

Bàbá kan ta kú pé afẹ́fẹ́ tí sípíkà ń fẹ́ ló ń tì í. Mo ní, “Bàbá, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àti tábìlì yìí ò ní sí níbí mọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kékeré kan fà mí láṣọ. “Tíṣà, ṣé ibi tí yanrìn kó jọ sí ni ariwo ti pọ̀ jù?” Bẹ́ẹ̀ ni ló wà lẹ́nu mi. Ó ṣe tán, èmi ni mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: YANRÌN Ń TẸ̀LÉ ÌRÓ. Kí n tó dáhùn, ó ti ya bébà, ó ká a róbótó bí ẹ̀wà, ó jù ú síbi tó ṣófo. Bébà ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ó mú un, ó gbé e sórí òrùka. Bébà jókòó jẹ́ẹ́.

Ojú tì mí. Ibi tí ọ̀rá ò ti gbọ̀n ni yanrìn sá lọ sinmi. Ernst Chladni, ará Jámánì, ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti 1787, lẹ́yìn tó da yanrìn sórí pátákó irin tó sì fi ọrun violin fa etí rẹ̀. Mo mọ ìtàn yẹn dáadáa, mo tiẹ̀ sọ ọ́ fáwọn adájọ́ láàárọ̀, pẹ̀lú àṣìṣe mi lórí ẹ̀.

Mo wá wọn lọ lọ́sàn-án láti tún un sọ. Wọ́n ti kó ìwé wọn nílẹ̀. Mo padà wá pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo ní kí ọmọ náà bá mi kọ tirẹ̀ sí i. Ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ: Yanrìn ń sá fún ariwo.

Ipò kẹta la gbà. Yanrìn ṣì wà nínú bàtà mi.