Ọ̀nà Onípátákó Inú Irà Somerset: Omi Ló Pa Á Mọ́

Òpó igi tí wọ́n rì sínú ọ̀sà kì í kọ́kọ́ jẹrà nísàlẹ̀. Ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ìdí kan náà ni Sweet Track, ọ̀nà onípátákó àtijọ́ tí wọ́n ṣe gba orí irà kọjá, fi ṣì wà ní Somerset, ní Ìlú Ọba.

Ray Sweet ló rí pátákó kan níbẹ̀ ní 1970. Inú pẹ́ẹ̀tì ló wà, ìyẹn koríko àti èésún tó kú sínú omi, tí kò rí afẹ́fẹ́ tó máa jẹ́ kó jẹrà tán. Òrùka inú igi óàkù rẹ̀ fi hàn pé ìgbà òtútù 3807 sí 3806 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n gé e. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 2.

Wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀pá gígùn sórí irà, orí sí ìdí. Wọ́n wá fi èèkàn ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ilẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì, ní dídagun, títí wọ́n fi dábùú ara wọn lókè ọ̀pá náà. Àárín ẹnu èèkàn méjèèjì ni pátákó óàkù jókòó sí: ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, kó gùn tó mítà 3. Kí ó má baà yọ̀, wọ́n lu ihò sí etí rẹ̀, wọ́n sì ti èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ gba ibẹ̀ wọlẹ̀. Kò sí irin nínú iṣẹ́ yìí rárá. Àáké òkúta ni wọ́n lò. Wọ́n tilẹ̀ rí orí àáké òkúta jade kan tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, láti òkè Alps ló ti wá. Ẹni tó bá ti rí ẹdùn àrá rí á mọ irú ẹwà bẹ́ẹ̀.

Bí omi bá fà, afẹ́fẹ́ á wọlé, olu á sì jẹ igi náà. Omi ló gba àyè ohun tó ti jẹrà kúrò nínú rẹ̀, òun ló ń gbé ìrísí rẹ̀ ró. Nítorí náà, bí ẹ bá yọ ọ́ sóòrùn, á sún kì, á là, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹni tó ń wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọ́n omi sí i, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó sì fi igi tàbí ọ̀rá líle wa pẹ́ẹ̀tì kúrò, torí pé irin á gé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rì í sínú PEG (polyethylene glycol), kẹ́míkà kan tó dà bí ìda tó ń rọ́pò omi inú igi, díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá kánjú, ara òde á gbà á, inú á ṣófo, igi á sì wó sínú ara rẹ̀.

Lójú tèmi, kí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ ló dára jù. Ní Shapwick Heath, ibi ìdáàbòbò ẹ̀dá kan ní Somerset, wọ́n ti fi amọ̀ ṣe odi, ẹ̀rọ sì ń fa omi wọlé kí bíi mítà 500 lára ọ̀nà náà má baà gbẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà jù, torí ìgbà náà ni omi ń lọ sílẹ̀.